Nítorí Ọ́ìlì Dúdú Inú Bọ́ọ̀sì Dírẹ́bà

                                                            Ilé Alágbàfọ̀,
                                                            Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Àwọn Ọmọdé,
                                                            Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o? Ṣé ara le bí mo ṣe fi ọ́ sílẹ̀? Ọkọ wa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn rẹ tó máa ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ? Mo kí ọ kú iṣẹ́ búrẹ́dì, mo kí ọ kú ooru ààrò, mo kí ọ kú ìdìde kùtùkùtù. Bàbá rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n ṣe ìkẹyìn nínú ìkíni mi ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ kọ. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Aṣọ ń dọ̀tí, a sì ń fọ̀ ọ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí mo ṣe ń na aṣọ ibùsùn sórí okùn. Ọwọ́ tútù ni mo fi ṣí i, ìdí nìyẹn tí yíǹkì apá kan rẹ̀ fi ṣàn kí n tó kà á tán. Mo rẹ́rìn-ín síbi tí o ti kọ ọ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù Bàbá, tí o fi ń pín búrẹ́dì kiri, ti ń ta èéfín ju ààrò rẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà pa lẹ́nu mi nígbà tí mo dé ibi tí o ti bi mí léèrè irú ọ́ìlì tó yẹ kí o rà sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. O ní ẹni tó ń ta ọ́ìlì gbé kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ wúrà kan hàn ọ́, pé òun ló dé kẹ́yìn, pé ó mọ́ gaara, pé yóò fọ inú ẹ́ńjìnnì náà tónítóní. O ní ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, torí pé ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ báyìí dúdú bí ìdí ìkòkò, ojú sì ń tì ọ́ pé ọkọ̀ tí ń gbé oúnjẹ ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. O wá fi kún un pé ò bá bi Bàbá, ṣùgbọ́n Bàbá ò mọ nǹkan kan mọ́, ohun kan náà ni wọ́n ń bi yín láràárọ̀.

Jọ̀wọ́, má tíì ra nǹkan kan.

O lè ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Mo gbìyànjú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ nọ́ńbà rẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì pa á kó tó dún, nítorí pé Dírẹ́bà wà nítòsí, ohun tí mo sì fẹ́ sọ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo ti tọrọ àforíjì. Síbẹ̀, kò yẹ kó tún jókòó síbẹ̀ kó máa gbọ́ ọ bí ìtàn.

O mọ̀ pé ọkọ mi ò ka ara rẹ̀ sí nǹkan mìíràn ju dírẹ́bà lọ, tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó wà níwájú ilé wa yìí, ọdún kẹtàlélógún rèé tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, epo dísù ló sì ń mu láti ilẹ̀ wá. Òun la fi ń kó aṣọ ibùsùn ilé-ìwòsàn àwọn aboyún, tó wà lódìkejì ìlú, wá sílé ní ìdọ̀tí, òun náà la sì fi ń kó o padà ní mímọ́ kó tó di aago méje àárọ̀. Bí a bá pẹ́, orí fóòmù lásán ni àwọn abiyamọ máa sùn. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Dírẹ́bà lápá ọ̀tún, èmi ni mo ń wa bọ́ọ̀sì náà. Ẹnu rẹ̀ wúwo. Ọ̀rọ̀ kan, bóyá méjì, ló máa ń rí sọ, yóò sì ti làágùn kí wọ́n tó jáde. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni pé, bí ọ̀rọ̀ ṣe dínkù lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà lọ́kàn mi pé ọgbọ́n náà dínkù lórí rẹ̀. Mi ò sọ ọ́ jáde o. Mo kàn ń ṣe é ni.

Ìwọ náà kúkú mọ̀ mí. Kí ló dé tí ẹ fi sọ mí ní Afínjú nílé-ẹ̀kọ́? Ṣebí torí pé mo máa ń fọ ọṣẹ kí n tó fi ọṣẹ fọ aṣọ ni. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ wá bá ìwà náà nílẹ̀, ó gbé e gun ẹṣin. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fa irin gééjì yọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wo ibi tí ọ́ìlì dé nínú ẹ́ńjìnnì, mo rí i pé ó dúdú bíi kóró iṣin, ara mi bù máṣọ. Mo ní ẹ wo ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Mo pe mẹkáníìkì wa. Ọ̀gá Sùúrù ni wọ́n ń pè é, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ náà sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni, nítorí pé sùúrù tó ní kò kún ṣíbí. Ó wò ó, ó ní ọ́ìlì yìí ṣì ní iṣẹ́ tó máa ṣe. Mo ní kó pa á dà. Ó pa á dà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tún fa irin gééjì yọ, ó ti dúdú. Ó dùn mí bí ìgbà tí èèyàn fọ aṣọ funfun tán, tó sá a, tí adìẹ wá gba orí rẹ̀ kọjá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo tún ní kí wọ́n pa á dà. Dírẹ́bà wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibi ìfọṣọ, níbi tó ti lè máa wo èmi àti bọ́ọ̀sì pa pọ̀. Ó pè mí. Ó ní, "Dúdú." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dúdú, ohun tí a ṣe ń pa á dà nìyẹn. Ó mi orí. Ó kó ara jọ, ó ní, "Dúdú… dára."

Ẹlẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi obìnrin tó wá kí wa náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ gbọ́ o, Dírẹ́bà ní ìdọ̀tí dára!" Ó wá na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí báàfù tí mo fi ń fọṣọ. Ó nà án síbẹ̀, ó ń wò mí. Mo ní, "Háà, òùngbẹ ń gbẹ yín." Mo sáré wọlé, mo bu omi tútù wá. Ó wo ife náà fúngbà díẹ̀, ó wo èmi náà, ó gbà á, ó mu ún tán.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù yẹn. Bí mo bá ti dárúkọ ọ́ìlì, yóò na ọwọ́ sí báàfù, èmi náà yóò sì lọ bu omi. Mo tilẹ̀ ń yin ara mi. Mo ní obìnrin wo ló tún mọ ohun tí ọkọ rẹ̀ ń fẹ́ kó tó la ẹnu?

Nígbà tó yá, mo lọ bá ẹni tó ń ta ọ́ìlì lójú títì wa, mo ní kó fún mi ní èyí tó mọ́ jù lọ. Irú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gbé hàn ọ́ yẹn ló gbé jáde. 5W-30, nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ki tó, ni wọ́n kọ sí i lára. Ó da díẹ̀ sínú ọmọrí rẹ̀, ó mọ́ bí oyin, ó sì ń ṣàn bí omi. Ó ní ọkọ̀ tuntun-tuntun ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Mo ní ṣé torí pé tèmi gbó ni kò ṣe ní jẹ nǹkan gidi? Kò bi mí bóyá dísù ni ọkọ̀ mi ń mu tàbí bẹntiróòlù, èmi náà ò sì sọ. Mi ò gbé e dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Sùúrù, mo mọ̀ pé yóò jágbe mọ́ mi. Mẹkáníìkì kan tí mi ò mọ̀ rí, tó wà létí ọ̀nà, ló bá mi da ti àtijọ́ nù tó sì rọ tuntun sí i. Nígbà tí mo délé, Dírẹ́bà rí kẹ́ẹ̀gì náà lọ́wọ́ mi. Kò na ọwọ́ sí nǹkan kan. Ó kàn yí ojú sí ògiri.

Fún ọjọ́ mẹ́rin, inú mi dùn. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo rí ẹ̀kán ọ́ìlì nílẹ̀ níbi tí bọ́ọ̀sì sùn sí. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ti fẹ̀ tó àwo. Lọ́jọ́ kẹjọ, bí mo ṣe dúró níwájú ilé-ìwòsàn, tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, iná pupa kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì. Bí mo bá tẹná, iná pupa náà yóò kú. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, yóò tún tàn. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, torí pé aṣọ ti kún ẹ̀yìn mi, iṣẹ́ sì ń dúró.

Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, Dírẹ́bà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọjọ́ tí wọ́n máa ń bá a na apá àti ẹsẹ̀ nílé-ìwòsàn ni. A dúró kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè kọjá. Ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn: kọ̀, kọ̀, kọ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, Dírẹ́bà ti na ọwọ́ òsì, ó ti pa á, ó sì ti fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Mo pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo ayé. Mo ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kó bá mi ni? Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́!" Kò fún mi. Ó fi í sábẹ́ itan rẹ̀, ó jókòó lé e. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí i níbẹ̀ tí mi ò ní kọ sínú lẹ́tà yìí.

Okùn ni wọ́n fi fà wá dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Sùúrù. Ó sùn sábẹ́ ọkọ̀, ó tú ìdí ẹ́ńjìnnì, ó jáde pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ó ní, "Ìyá, ta ló ní kí ẹ rọ omi ọṣẹ yìí sínú dísù tó ti lé lógún ọdún?" Ó jágbe mọ́ mi débi pé àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì jáde wá wò wá. Ohun tó tọ́ sí mi ni. Ó ní àárín àwọn irin inú ẹ́ńjìnnì àgbà ti fẹ̀, ọ́ìlì tó bá ṣàn jù ò ní lè dúró láàárín wọn, irin á wá máa jẹ irin. Àwọn rọ́bà tó ń dí i kó má jò ti gbẹ, ìdọ̀tí àtijọ́ ló ń bá wọn dí ihò, èyí tí mo rọ sí i ló sì lọ ṣí wọn. Ó fi àwọn bẹ́ríńgì hàn mí, wọ́n ti họ. Ṣùgbọ́n irin ńlá tí wọ́n gbé dúró ò tíì ní ojú àpá. Ó ní, "Bí ẹ bá wà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, ẹ́ńjìnnì mìíràn là bá máa wá. Ta ló pa á?" Mo na ọwọ́ sí Dírẹ́bà, tó ṣì jókòó nínú ọkọ̀. Ọ̀gá Sùúrù nu ọwọ́ rẹ̀, ó lọ síbi fèrèsé, ó ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá." Kò jágbe mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni bọ́ọ̀sì lò níbẹ̀. Ọmọlanke la fi ń ti aṣọ la ìlú kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì la sì pẹ́. Nọ́ọ̀sì àgbà sọ fún mi pẹ̀lẹ́tù pé tí a bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, òun á wá alágbàfọ̀ mìíràn. Mi ò lè bá a jà. Abiyamọ tuntun ló jókòó sórí àga onígi lẹ́yìn rẹ̀, tó ń dúró de aṣọ mi.

Lọ́jọ́ kẹta nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, Ọ̀gá Sùúrù fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo ní màá bá a fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rì í sínú ọṣẹ, mo gún un, mo bó o. Kò pẹ́ tí omi náà fi dúdú. Dírẹ́bà wà lórí àga rẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì sí báàfù. Mo nàró láti lọ bu omi wá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo ti gbé ẹsẹ̀ méjì kí n tó bojú wẹ̀yìn, mo sì rí i pé kì í ṣe èmi ló ń wò. Omi dúdú yẹn ló ń wò. Mo ní, "Àbí kì í ṣe omi mímu lẹ ń fẹ́ ni?" Ó mi orí pé omi mímu kọ́. Ó làágùn kó tó rí i sọ. Ó ní, "Ọ́ìlì."

Mo wo omi. Mo wo aṣọ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi, tí àwọ̀ búlúù rẹ̀ ti ń yọ. Ẹlẹ́rìn-ín, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fọṣọ. Ṣebí èmi ni mo máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé omi tó bá ṣì mọ́ lẹ́yìn ìfọṣọ, aṣọ ni kò mọ́? Ọ́ìlì tó dúdú nínú ẹ́ńjìnnì dísù ti gba èéfín mọ́ra ni, ó gbé e dání kó má baà lẹ̀ mọ́ irin. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Mo máa ń da omi ìfọṣọ nù nígbà tó bá ti gba ìwọ̀n tó lè gbà, kì í ṣe nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà. Gbogbo ayé lè ṣe àṣìṣe yìí, kò yẹ kó jẹ́ èmi. Ọkọ mi sì ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi láti oṣù kan.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ, mo sunkún. Mo bi í pé, "Gbogbo omi tí mo ń bù fún yín ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín lápá ibi tí ẹnu rẹ̀ ṣì ti lè rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo mu ún."

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ́ìlì, kó má di pé mo kọ lẹ́tà tí mi ò dáhùn ìbéèrè. Èyí tí a ń lò báyìí, 15W-40 ni wọ́n kọ sí i lára. Ó ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì tó ọkọ̀ àgbà tó ń mu dísù bíi tiwa àti ti Bàbá. Wo ẹ̀yìn kẹ́ẹ̀gì dáadáa fún àmì kékeré tó ń sọ irú ẹ́ńjìnnì tó wà fún: lẹ́tà C ló ń ṣáájú èyí tó wà fún dísù, S ló ń ṣáájú ti bẹntiróòlù. Bí o bá rí S nìkan, gbé e sílẹ̀. Má sì ṣe bíi tèmi tí mo tún fẹ́ sá láti inú oòrùn bọ́ sínú iná, tí mo ní ó dáa, kí wọ́n fún mi ní èyí tó ki jù lọ lọ́jà. Ọ̀gá Sùúrù ní èyí tó bá ki jù kì í tètè gòkè dé orí ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ tí ara rẹ̀ bá tutù. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ló yẹ kéèyàn tẹ̀ lé. Eku ti jẹ tiwa, Dírẹ́bà ló kù tí à ń kà. Fi bí ọkọ̀ bá ṣe rìn tó mọ ìgbà tí wàá pa á dà, má fi àwọ̀ mọ̀ ọ́n, kí o sì pààrọ̀ fíltà tó ń sẹ́ ọ́ìlì náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bó bá funfun bíi tíì oní-mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, má wà á. Bí o bá fi ìka ra á tí o gbọ́ pé ó ń ha ọ́ lọ́wọ́ bí iyanrìn, má wà á.

Báyìí, láràárọ̀ kí n tó ṣáná sí bọ́ọ̀sì, mo máa ń gbé irin gééjì lọ bá Dírẹ́bà. Yóò fi ìka òsì méjì ra ọ́ìlì náà, yóò di ojú, yóò gbé e sí imú. Lẹ́yìn náà yóò ní, "Ó dára," tàbí kó ní, "Ó dín." Mi ò tíì rí i kó tàsé. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà lóòótọ́. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó fi ìka ra á pẹ́, ó wá ní, "Ra ọ́ìlì, Afínjú." Mi ò tíì gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé. Mo gbàgbé gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú irin lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ẹlẹ́rìn-ín, Bàbá rẹ ló fi ọkọ̀ yẹn kó pákó kí o tó fi kó búrẹ́dì. O ní wọn ò mọ nǹkan kan mọ́, pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi yín láràárọ̀. Mo tún lẹ́tà rẹ kà kí n lè mọ ìbéèrè náà. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ síbẹ̀, bóyá o ò sì ronú sí i: "Ṣé ẹ ti wo ọ́ìlì?" Ẹ ń dá wọn lóhùn pé a ti wò ó, kí wọ́n lè dákẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Ìbéèrè dírẹ́bà ni.

Bá mi kí ọkọ wa, kí o ní kí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè nígbà tí wọ́n bá jókòó. Bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń po ìyẹ̀fun. Dírẹ́bà ní kí n kí ọ, ó sì làágùn kó tó sọ ọ́, nítorí náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Lọ́la, kí o tó ṣáná sí ọkọ̀, fa irin gééjì yọ, gbé e lé Bàbá lọ́wọ́, kí o sì jókòó tì wọ́n. Bí wọ́n bá na ọwọ́ sí ohun kan, má sáré lọ bu omi.

                                                            Èmi ni, tìrẹ títí ọṣẹ yóò fi tán lọ́wọ́ mi,

                                                            Afínjú.